Búrọ́ọ̀ṣì Tí Dzigbordi Fọ̀

Bí ẹ bá yá Dzigbordi ní abọ́, fífọ̀ ni yóò padà sọ́wọ́ yín, á tún máa dán. Bí obìnrin Anloga ní Ghana ṣe rí nìyẹn: ta ni yóò gbé ìdọ̀tí lé ẹlòmíì lọ́wọ́? Ìwà rere ni. Ìwà rere ọ̀hún ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mansa, lọ. Nítorí náà, nígbà tí Nọ́ọ̀sì Esinam kó búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ wá sí oko àlùbọ́sà, tó ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan wọ yàrá lọ fi nu inú ojú ara rẹ̀, kó sì dá a padà, Dzigbordi ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tónítóní, ó sá a sóòrùn, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ bá mi dúpẹ́ pé Kwasivi tó ń mójú tó ẹ̀rọ àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ẹ̀rọ yẹn tó wá kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ náà, ó máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹran ara ènìyàn wà nínú ohun tí wọ́n gbé wá. Ti Dzigbordi ṣófo. Ẹlòmíì ì bá kọ ọ́ pé kò sí kòkòrò, kó sì máa jẹ abolo rẹ̀ lọ. Kwasivi gun alùpùpù wá sóko.

“Màmá, ẹ̀rọ ò rí kòkòrò, àmọ́ kò rí ẹran ara ènìyàn pàápàá. Kí lẹ ṣe sí i?”

“Mo fọ̀ ọ́ ni. Àbí kí n gbé e fún yín tìdọ̀tí tìdọ̀tí?”

“Ìdọ̀tí yẹn gan-an là ń wá, Màmá.”

Búrọ́ọ̀ṣì kejì mú kòkòrò wá. Esinam ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ní in lọ́dọ̀ ọkọ, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ lára àwọn díẹ̀, á rán ara rẹ̀ mọ́ ẹran ara, á pa olùṣọ́ méjì tó ń sọ fún ẹran ara náà pé ó tó, má pọ̀ sí i mọ́. Ẹran náà á wá máa bí sí i fún ọdún gbọọrọ, láìsí ìrora. Dzigbordi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ṣé ti Mansa ló dé yẹn?”

“Rárá o. Mo ti wo ẹnu ilé ọmọ yín, tiyín ò tíì di jẹjẹrẹ.”

Wọ́n fi irin gbígbóná jó ojú ibẹ̀ kó má bàa di jẹjẹrẹ, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ sílé, ó ń sunkún ayọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ọmọ alálùpùpù yẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, búrọ́ọ̀ṣì kẹta ò rí kòkòrò kankan. Dzigbordi gbé agbọ̀n àlùbọ́sà lọ fún Kwasivi. Yanrìn oko ṣì lẹ̀ mọ́ àlùbọ́sà náà lára.

“Bí mo ṣe wú u nìyẹn, ọmọ mi,” ló wí. “Mi ò fọ̀ ọ́.”