Kọ́kọ́rọ́ Wà Lápò, Ọkọ̀ Ti Lọ

Ẹ ti gbọ́ ọ pé òògùn ni wọ́n fi gbé jíìpù Bísíríyù oníyanrìn. Gbogbo Èbúté Ìkòròdú ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó wọ jàlàbíà funfun na ọ̀pá sí ọkọ̀ náà ní Ẹ̀pẹ́, ó pè é lórúkọ, ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e bí ajá. Àwọn kan tilẹ̀ ní kò sẹ́ni tó jókòó sídìí sítíárìn. Irọ́ gbuu! Ẹnìkan jókòó síbẹ̀ dáadáa, Bísíríyù fúnra ẹ̀ ló sì ní kó jókòó. Òògùn wo? Ṣé gbogbo ìwà òpè la ó máa fi òògùn bò láṣìírí ni?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Bísíríyù, ìdílé àwọn tó ti Èkó sá wá síbẹ̀ láyé ọjọ́un. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá wọn ra àgbò Iléyá kan tó ga bí màlúù, ó ní kó máa ṣọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Bísíríyù ò dúró lẹ́yìnkùlé. Ó fà á lọ sétí ọ̀sà kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lè rí i, ó ní kí wọ́n máa gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan gùn ún, ẹlòmíì gùn ún, ni àgbò bá já, ó di àwátì. Ẹja ni ilé wọn fi ṣọdún lọ́dún náà.

Sàlímọ́nù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò gbàgbé. Títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì, bí Bísíríyù bá ti yọ sí Ẹ̀pẹ́, bó ṣe ń kí i nìyẹn: "Oní-àgbò, o dé?" Níwájú ìyàwó, níwájú àna, níwájú ọmọ ọmọ.

Àgbò yìí náà ló sọ Bísíríyù di ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Ó kó wá sí Ìkòròdú, ó bẹ̀rẹ̀ òwò yanrìn, ó ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin. Ẹ wá wo bó ṣe ń so wọ́n mọ́lẹ̀! Ṣéènì tó ki bí apá, àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun. Òjò ì báà máa rọ̀, kò ní kúrò ní èbúté láìfa ṣéènì kọ̀ọ̀kan wò. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ta ló fẹ́ jí yanrìn tútù gbé?"

Á ní, "Ẹni tó gbé àgbò náà ò tíì kú."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló lọ ra jíìpù tí kì í lo kọ́kọ́rọ́.

Ó kúkú ní kọ́kọ́rọ́, àmọ́ kì í wọ ihò kankan. Dúdú kékeré kan ni, ó dà bí èérún ọṣẹ, inú àpò ló ń gbé. Bí ẹ bá ti mú un sún mọ́ ọkọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ́ńjìnnì ti dáhùn. Ní 2008 tí a wà yìí, a ò tíì rí irú ẹ̀ ní Èbúté. Ẹni tó tà á fún un ní Kútọnu fi Ọlọ́run búra pé kò ṣeé jí: bí kọ́kọ́rọ́ bá ti jìnnà sí i, á kú síbi tó wà. Bísíríyù ò sì dán an wò o! Ẹni tó ń fa ṣéènì wò lójoojúmọ́ ò fa ọ̀rọ̀ ọlọ́jà wò lẹ́ẹ̀kan péré.

Kúlúsúmù ìyàwó ẹ̀ ra irin tí wọ́n fi ń há sítíárìn wá fún un. Bísíríyù jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Irin yẹn, ọkọ̀ tálákà ló wà fún."

"Bàbá Munawwarah, olè kì í béèrè ìyẹn o."

"Ọkọ̀ yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ, Kúlúsúmù."

"Ó gbọ́n ju ẹ̀yin náà lọ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún un."

Ẹ má rò pé torí yanrìn ló ṣe rà á. Torí Sàlímọ́nù ni. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wo ọkọ̀ náà, kó la ẹnu, kó pè é ní Bísíríyù, kí orúkọ àgbò náà kú pátápátá. Ìyẹn nìkan ló ń wá. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti Kúlúsúmù, ó sì páàkì síwájú ilé bàbá wọn nígbà tí wọ́n kírun tán tí èrò pọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàsán o!"

Sàlímọ́nù ò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Oní-àgbò, o dé?"

Ó dun Bísíríyù dé ọkàn. Ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ wá wo ọkọ̀ tí kò ṣeé jí! Ẹ wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Àwọn àgbàlagbà ń wọlé, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe gun àgbò ọjọ́sí gẹ́lẹ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, kò sì rí i.

Sàlímọ́nù wá béèrè láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀ pé, "Bí olè bá wọlé ńkọ́, tóun náà tẹ̀ ẹ́?"

Áà, ìbéèrè tí Bísíríyù ń retí nìyẹn. Ó gbá àpò ẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ rèé, Bọ̀ọ̀dá. Bí mo bá ti rìn kúrò níbí, ọkọ̀ á kú ni. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ọkùnrin kan tó wọ jàlàbíà funfun ló wà nídìí sítíárìn lásìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kálukú rò pé àlejò ẹnìkejì òun ni. Ó fọ̀wọ̀ béèrè pé, "Alàájì, ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?"

"Jókòó, jàre! Ìwọ ni olè. Tẹ̀ ẹ́!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Kúlúsúmù tó ti wọlé lọ kí àwọn ìyàwó ilé yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Munawwarah, ta nìyẹn?"

"Olè ni!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Bísíríyù kọ̀yìn sí jíìpù, ó ń yan lọ bí ọba. Ọkọ̀ náà ké pí-pí-pí lẹ́yìn ẹ̀. Ó na ìka sókè láìwẹ̀yìn. "Ẹ gbọ́? Ó ń pọ̀kàkà ikú nìyẹn." Ó gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. "Ó ti kú!" Igbe Kúlúsúmù ló mú un yíjú padà. Eruku ló kí i.

Ṣé ó sáré? Kò sáré. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń pẹ̀tù sí àwọn tó fẹ́ sáré. "Ẹ fara balẹ̀. Iwájú níbẹ̀ yẹn ló máa kú sí." Wọ́n rìn débi tó ní ó máa kú sí. Wọ́n rìn dé títì. Ọkọ̀ tó ti dáhùn ò bìkítà ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà mọ́, ìyẹn ni ọlọ́jà ò sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Sàlímọ́nù ti dìde. Ó gbé ọwọ́ lé àbúrò ẹ̀ léjìká. "Bísíríyù," ló pè é, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti kékeré, "àgbò yẹn, òun ló já fúnra ẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá tí wọ́n lọ bá wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ojú Bísíríyù, ó ní, "Alàájì, ta lẹ wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn gan-an? Ẹ̀yin ni àbí olè?" Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n bá padà sílé. Kí Bísíríyù tó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, ó ti hun ìtàn ọ̀pá, òògùn àti ajá pọ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kúlúsúmù kọjú sí fèrèsé. Nígbà tó wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Mo bá Bísíríyù pàdé létí omi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń fa ṣéènì wò. Mo ní ṣé kò ní ju kọ́kọ́rọ́ yẹn nù ni. Ó yọ ọ́ lápò, ó fi aṣọ nù ún, ó wo ọ̀tún wo òsì.

"Ìyá Ọláòtán," ó ní, "wọn ò lè pa ọkọ̀ yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa á, kò ní dáhùn mọ́ láìsí eléyìí. Èmi ni wọ́n máa wá bẹ̀."