Tìróò Ọgbọ̀n Ilé

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń sùn lórí ìdúró nínú bọ́ọ̀sì 78 láàárọ̀ ní Lọ́ndọ̀nù, tó sì ń jí gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, Bàrákàt nìyẹn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Kí àwọn ẹlòmíràn tó jẹun àárọ̀, á ti wẹ ìyá òyìnbó kan lẹ́bàá Old Kent Road, á ti fún bàbá kan lóògùn lẹ́yìn Rye Lane, á sì ti palẹ̀ ilé ẹnìkẹta mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bàtà oríṣi méjì ló ń gbé kiri: èyí tó ń wọ̀ jáde, àti èyí tó tóbi jù ú lọ tó ń wọ̀ bọ̀ wálé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ní Ìwó níbi tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú kẹ́mísírì. Lọ́ndọ̀nù wá bá a gbé kẹ́mísírì náà pamọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko. Ìgbà tó padà sí yunifásítì, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, àárín àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló jókòó sí, wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé òun ni olùkọ́.

Owó ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ lé e níbẹ̀. Lois, ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n bí sí Stockwell, tó ń bójú tó lábù wọn, ló sọ fún un nípa àjọ kan tó ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè gbé sáyẹ́ǹsì padà lọ bá àwọn èèyàn tirẹ̀, lédè wọn, lórí ohun tó kàn wọ́n. Fóòmù wọn gùn débi pé bí a bá tẹ́ ẹ láti ibùdó rélùwéè Peckham Rye, ìdí rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀ ní New Cross. Bàrákàt kọ ọ́ tán. Tìróò ló mú ṣe kókó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ti kà pé òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, máa ń wà nínú àwọn tìróò kan, àti pé òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ ọwọ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Bẹ́ẹ̀, nínú àsàlátù wọn, ẹgbẹ́ àdúà tó ń lọ ní Àìkú, kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ tí ojú rẹ̀ kò dúdú fún tìróò. Àjọ náà gbà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kó gba tìróò ní ọgbọ̀n ilé, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì padà lọ sọ èsì rẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Bí kò bá pé ọgbọ̀n kí oṣù Kẹta tó parí, owó ọdún tó kù kò ní jáde. Bí owó kò bá jáde, Bàrákàt á tún fi ìwé sílẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní agbára láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ṣe àdúà tán nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń yá. Táyà ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ọjọ́ bá sì gbóná, òórùn táyà a tún padà wá kírun pẹ̀lú wọn. Bàrákàt dìde.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, tìróò díẹ̀ ni mo fẹ́. Kò ju èyí tí ẹ máa fi lé ojú kan lọ."

"Tìróò wa náà lòyìnbó tún rí?" ìyá kan ké láti ẹ̀yìn.

"Kì í ṣe òyìnbó, Mummy. Èmi ni."

"Ìwọ! Ìyá rẹ ò lé e fún ọ ní kékeré ni?"

"Ó lé e fún mi, mà."

"Kí ló wá ṣe ọ́? Yunifásítì kọ́ lo wà yẹn?"

"Ta ló mọ ibi tí ǹ bá ti dé, Mummy, ká ní kò lé e?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, ọkọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ lójúde fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni tìróò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́fà péré ló mú un wá. Nínú àwọn yòókù, ọ̀kan ní tòun wà nínú àpótí, òmíràn ní tòun wà lọ́wọ́ àbúrò òun ní Brixton. Ẹ̀kẹta ní òun ò lò ó rí, tìróò sì wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Alhaja Mìsítúrà ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ni Ìyá Àdínì, olórí gbogbo obìnrin ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́rìnlélógún, mà."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Lọ sùn, ojú ẹ ti wọnú."

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìgò kéékèèké mẹ́rìnlélógún ti wà nínú ọ̀rá kan, orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàrákàt kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti fà á dìde, orúnkún rẹ̀ ti kọ̀.

Ní lábù, ó ń fi ìgò náà sábẹ́ ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́fà àkọ́kọ́, mẹ́rin kò ní òjé, òjé inú méjì sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Lois fi ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, kò yí padà. Lẹ́yìn náà ló kan ìgò Ìyá Àdínì. Ìkíní, kò sí òjé. Ìkejì, kò sí. Nígbà tó dé ìkẹwàá, Lois bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàrákàt, ṣé ìyá kan náà ló bí àwọn tìróò yìí ni?"

Kì í ṣe òjé nìkan ni kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun yòókù tó wà nínú wọn dọ́gba, bí ẹni pé inú ìkòkò kan ni wọ́n ti bù wọ́n.

Lois wo ilẹ̀. "Ọgbọ̀n ni àjọ ní kó o mú wá. Ọgbọ̀n ló wà níbí. Ìwọ lo máa kọ̀wé, èmi kọ́."

Bàrákàt jókòó ti ọgbọ̀n ìgò náà títí Lois fi wá pa iná lábù.

Àjà kẹta ni ilé Ìyá Àdínì, líìfù sì bàjẹ́. Bàrákàt gun àtẹ̀gùn tòun ti bàtà ńlá lẹ́sẹ̀, ó ń sinmi bí ẹni tó ń gun òkè.

"Mummy, ibo lẹ ti rí tìróò yẹn?"

"Nílé àwọn èèyàn."

"Mummy."

Ìyá Àdínì pa tẹlifíṣọ̀n. "Ní ṣọ́ọ̀bù. Páálí kan. Èmi àti Àmínát inú àsàlátù wa la bù ú sí ìgò, àtẹ́lẹwọ́ wa dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta. O ní kò pé, a bá ọ mú un pé. Ṣé ká máa wò ọ́ níran kí ìwé bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wa ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ gbé Bàrákàt, ẹkún náà fẹ́ gbé e, kò rí okun fún èyíkéyìí.

"Ẹ ṣé, mà. Èyí tẹ́ ẹ rà ò léwu. Tí mo bá wá kọ ọ́ sílẹ̀, màá dúró níwájú yín, màá ní tìróò ilé yín dára. Ẹ máa gbà mí gbọ́, ẹ máa máa lé e fọ́mọ. Èyí tó wà nílé yín gan-an ńkọ́?"

Ìyá Àdínì wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn.

"Mo ti kọ̀wé sí àjọ láàárọ̀ yìí. Mo ní mẹ́fà ni mo ní."

"O ti fi ránṣẹ́?" Wọ́n dìde. "Bàrákàt! Owó yẹn ńkọ́?"

"Ó lè lọ, mà. Ó rẹ̀ mí ni. Irọ́ yẹn, ojoojúmọ́ láá máa fẹ́ kí n tọ́jú òun. Àwọn tí mò ń tọ́jú ti tó mi."

Ìyá Àdínì wọ yàrá lọ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ilé tìróò aláwọ kékeré kan ni wọ́n mú jáde, awọ rẹ̀ ti ń dán fún ọwọ́.

"Ti ìyá mi ni. Ẹ̀rù ló bà mí." Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Yaqub, ọmọ Nusaybah ọmọ mi, oṣù mẹ́jọ. Àràárọ̀ ni mò ń lé e fún un. Tó o bá rí nǹkan níbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi sí i lójú."

Bàrákàt na ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ dá a dúró lónìí, mà. Ẹ ní kí Nusaybah gbé e lọ bá dókítà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dúró de èsì mi."

Ó fa ìwé yọ, ó kọ ìkeje síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù Kẹta parí.

Ìyá Àdínì pe Nusaybah. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe Àmínát.

"Àmínát, tìróò ẹ dà? Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ. Má purọ́ fún mi, mo rí i lọ́jọ́ tá a jọ ń bu tìróò sí ìgò... Kí ló dé tí mò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?"

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Bàrákàt ti sùn lọ lórí àga, orí rẹ̀ fara ti ògiri, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ká ilé tìróò náà mọ́ra.

"Ọmọ kan ń sùn níbí ni," ni wọ́n wí. "Mú un bọ̀ kíá. Líìfù ti bàjẹ́ o."