Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbẹ̀bí

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ta aṣọ ní ọjà Sankaryaré, kò sí ohun tó máa ń sú mi ní Ouagadougou tó ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Àwa ọmọ abúlé kan náà láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ la máa ń pé jọ sí Gounghin, níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹrẹsidáǹ ẹgbẹ́ wa. Jórinjórin ni. Ilẹ̀kùn irin ló ń ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àga! Olórí orílẹ̀-èdè tí a wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ lórí oyè. Wọ́n á dìbò, òun náà ni yóò tún wọlé. Tiwa wo ibẹ̀ kọ́ṣẹ́. Bí a bá ní ká yan ẹlòmíràn, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ta ló tún kù?"

Iṣẹ́ abúlé la ń ṣe. A gbẹ́ kànga, a tún ọ̀nà odò ṣe, a kọ́ ìsọ̀ sí ọjà. Nígbà tí a fi máa délé fún ọdún oṣù Ògọ́sì, tí gbogbo ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi máa ń padà wálé, ewúrẹ́ ti gba ìsọ̀ náà, ẹnì kan sì ti da àgbàdo sí igun kan. Ojú ti pẹrẹsidáǹ níwájú àwọn àlejò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé ará ilé ò mọyì nǹkan.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí a kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tán, ó fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, ó fi ọkọ̀ ẹrù ránṣẹ́ sílé. Wọ́n gbé e dúró, wọ́n tì í, awakọ̀ sì mú kọ́kọ́rọ́ padà wá fún un. Ó fi kọ́ ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ó di ọjọ́ ọdún, tí a bá ṣí i níwájú àwọn aláṣẹ, kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ilé, oògùn wà nínú ilé, agbẹ̀bí tí ìjọba rán wá sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, ó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Mo dìde nípàdé. Ọmọbìnrin mi wà nílé tòun ti oyún. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn moto ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n gbé e sí pé kó lọ bí i nílé ìwòsàn ìlú tó wà lódìkejì odò. Ọ̀nà ni ọmọ náà kú sí. Èyí tó wà nínú rẹ̀ yìí, kò dájú pé yóò dúró de ọdún.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà sílé."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Pẹrẹsidáǹ ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ fara balẹ̀. Bí wọ́n bá ti bímọ síbẹ̀ kí a tó ṣí i, kí la wá ń ṣí?"

"Họ́wù! Ṣé oyún ló ń wo kàlẹ́ńdà yín?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo káṣọ mi, mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìdí mi ò gbébì kan. Oníbàárà mi kan, obìnrin Mòsí, bi mí pé ṣé ara mi yá. Mo ní barka, ìyẹn ẹ ṣeun lédè wọn, mo sì fi aṣọ tí mo gé kúrú lé e lọ́wọ́. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń lọ sí telesántà, ilé fóònù alásanwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, bóyá ẹnì kan á ti pè láti ìlú, nítorí kò sí fóònù ní abúlé wa nígbà náà. Àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá pè mí láti telesántà. Ọkọ ọmọ mi ni, ó wà nílé fóònù ìlú tó wà lódìkejì odò.

"Màmá, ó ti ń rọbí láti àná. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Agbẹ̀bí ní oògùn tó máa dá a dúró wà nínú ilé ìgbẹ̀bí. Odò kún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ kí n tó débí, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá."

"Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà!"

"A ti lù ú títí, Màmá. Kò mì. Irin ló sì wà lójú fèrèsé."

Mo ní kó má kúrò níbẹ̀. Mo fò sẹ́yìn moto, ó di Gounghin. N kò kí ẹnikẹ́ni, mo já kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Ìgbà tó wà lọ́wọ́ mi ni mo tó rántí pé ọkọ̀ kò lè gbé mi délé lọ́jọ́ náà, kò lè gbé mi délé lọ́jọ́ kejì.

Mo sọ fún pẹrẹsidáǹ pé, "Ìwọ lo ṣe é. Sọ bí wọ́n ṣe máa ṣí i!" Bí mo ṣe pè é ní ìwọ nìyẹn, àgbà ọkùnrin.

Kò bínú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Kò ní ṣí. Mo ṣe é kó má ṣí ni." Ó kàn fò dìde. "Kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kí wọ́n wó ògiri!"

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí telesántà. Òun ló gba fóònù, tó ń pariwo tí gbogbo Sankaryaré fi ń wò wá: "Ẹ wó o! Ẹ wó o lulẹ̀, mo ní kí ẹ wó o!"

Mo wọ ọkọ̀ láìgbọ́ nǹkan kan mọ́. Jákèjádò ọ̀nà Fada títí dé ẹnubodè, mo di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú débi pé ó bó awọ ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo débẹ̀, ọkọ ọmọ mi ti la odò padà jíṣẹ́ wa, ihò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ dúró gbọn-in. Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó funfun bí ẹfun, ṣùgbọ́n ó pè mí. Ọmọ tuntun wà láyà rẹ̀. Mo jókòó sórí bíríkì wíwó, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Mo fún agbẹ̀bí ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n ti dí ihò náà, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Àwọn aláṣẹ dé, pẹrẹsidáǹ wọ agbádá, ó na ọwọ́ sí mi fún kọ́kọ́rọ́. Mo ní ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Agbẹ̀bí yọjú láàárín irin fèrèsé.

Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀. Ẹnì kan ń rọbí."

Àwọn aláṣẹ ń wo aago. Mo rò pé pẹrẹsidáǹ yóò bínú. Ó ká agbádá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó, ó ní, "Daakọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. A ó dúró." Gbogbo wa dúró nínú oòrùn títí a fi gbọ́ ohùn ìyá, tí a sì gbọ́ ohùn ọmọ.