Màmá Ajá-Dà

Fíìmù ti tán, iná ti tàn, àwọn èèyàn ti ń jáde, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wa, aránṣọ tí Ọlọ́run ti pè báyìí, kò dìde lórí ìjókòó. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ sínímá náà gbá a títí tó fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, fíìmù ti tán."

"Mo mọ̀ pé ó ti tán. Ajá ni mò ń dúró dè."

Nínú ìpolówó fíìmù náà, ajá funfun kan fò jáde nínú ilé tó ń jó, ó gbé bàtà ọmọdé sẹ́nu. Nítorí ajá yìí ni ìyá ṣe ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ó wá wo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò rí ajá, kò rí ìrù ajá. Wọ́n pe máníjà, ó ní wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò.

"Bí mo bá fi aṣọ tó lápò han oníbàárà, tí mo wá rán èyí tí kò lápò fún un, ṣé ó máa gbà á?"

"Kò ní í gbà á, mà."

"Ó dáa. Ajá dà?"

Nígbà tí agara dá máníjà, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú ajá tiẹ̀ wọlé. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù, ó ní èyí kọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé lọ. Bó ṣe di Màmá Ajá-Dà nìyẹn. Orúkọ náà kò bí i nínú, torí òótọ́ ló bèèrè.

Síbẹ̀, lójú ìyá, ìpolówó tó ń parọ́ sàn ju èyí tó ń sọ gbogbo ìtàn fíìmù tán lọ. Bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní sínímá, á fi ìborùn bo orí, á máa kọrin títí ìpolówó á fi parí. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kó wo fíìmù kan láìmọ ibi tó máa já sí. Bàbá ni kò jẹ́. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ kò sì ní bíréèkì. Bó bá ti wo ìpolówó, ó ti mọ ẹni tó máa kú.

"Ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa pa á o."

"Bàbá wọn, Ọlọ́run ń wò yín."

Lọ́jọ́ kan ní sínímá, ìyá sá fún un, ó lọ jókòó níwájú pátápátá. Bàbá sọ ọ́ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn sọ ọ́ fún ẹni iwájú tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìparí fíìmù rìn títí tó fi bá ìyá níbi tó sá sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá bàbá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àìsàn dé, dókítà fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí. Ìyá gbọ́wọ́ sókè.

"Dókítà, ẹ má polówó ẹ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n wò ó fúnra mi."

Dókítà bá pe bàbá síta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ẹnu bàbá ba gbogbo wa. Ó padà wọlé, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ìyá sì tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá wọn, kí ni dókítà sọ?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Oorun ló gbé mi lọ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń bá bàbá ṣàríyànjiyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn dé ọjọ́ tó lọ. Bàbá tí kò pa ìparí fíìmù kankan mọ́ sínú rí, ó pa èyí mọ́ títí ìyá fi wò ó tán.