Ewì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìmẹ̀kọ, ara mi kì í balẹ̀. Màmá mi a ní mo dà bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ọdún tí mò ń sọ yìí, ó nídìí. Bàbá mi ti sọdá bọ́dà sí ọ̀nà Kétu lọ já òwú, ó sì ṣèlérí pé òun á dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí kò bá dé, ta ni yóò gbin àgbàdo wa? Oyún wà nínú Màmá mi, èmi náà ò sì tíì lè kọ ebè.

Kò sí fóònù lọ́wọ́ wa nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ, Bàbá mi kò sì mọ̀wé kà. Ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù kó gààrí kọjá bọ́dà ló ń bá wa jíṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi gbólóhùn kan rán an, mẹ́ta ni yóò sọ níbẹ̀.

Olùkọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ewì kúkúrú nípa ohun tí ojú rí níta: ìlà mẹ́ta, sílébù márùn-ún, méje, márùn-ún, tí a ń fi ìka kà. Mo ṣe ọ̀kan, mo sì kọ́ ọkùnrin náà títí ó fi há a sórí, kó má bàa fi tirẹ̀ kún un:

Ojú ọ̀run ṣú,
èèrà ń kó ẹyin,
oko ń pè yín.

Mo ní kó kọ́ Bàbá mi náà bí a ṣe ń fi ìka kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó jíṣẹ́. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó mú èsì dé:

Lékeléke lọ,
òwú kù púpọ̀ lóko,
mò ń bọ̀.

Mo fi ìka kà á, mo tún un kà. Ìlà ìparí kò pé, sílébù mẹ́ta péré ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ já méjì yòókù sí?"

Ó búra pé òun kò já nǹkan kan. N kò gbà á gbọ́. Ṣé "lọ́la" ló sọ nù ni, àbí "lẹ́rùn"? Ojoojúmọ́ ni mò ń sáré lọ wo ojú ọ̀nà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò dé. Màmá mi gbé ọkọ́ tòun ti oyún, a sì ti gbìn dé ìdajì oko kí Bàbá mi tó yọ. N kò tíì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fi béèrè ìyókù ewì mi.

Ó ní, "Kò sí ìyókù. Ibi tí mo mọ̀ dé ni mo dúró sí. Mi ò mọ ọjọ́, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ẹ."

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹni tí kò tíì wẹ̀ yóò ní òun ti dé kọ́nà. Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun, lọ́dọọdún ni wọ́n ń dá oṣù tí wọn yóò wálé fún mi, lọ́dọọdún ni mo sì ń tún yàrá ṣe. Wọn kì í dé, ó sì ń dùn mí. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n sọ pé àwọn ń bọ̀, kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀.