Ìdérí Àpótí Bernardin

Ní ilé Georgette, aránṣọ ní àdúgbò Akron, àpótí kì í ṣe ibi tí à ń kó aṣọ sí lásán. Àlejò ń jókòó lé e, ọmọ ilé ń jẹun lórí rẹ̀. Nígbà tí Odile wà ní ìkókó, inú rẹ̀ ni ó ń sùn sí nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń wa ẹ̀rọ. Bernardin káfíńtà, ọkọ Georgette, ni ó kàn án. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìdílé wọn, ìdílé Àgùdà, abẹ́ ìdérí ni ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ sí.

Bernardin kú. Georgette kò lè wo àpótí náà mọ́. Ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sikiratou, ìyá Bouraïma, ọlọ́ṣẹ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi.

Ní ọdún 1964, ìdánwò àṣekágbá Odile ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní ìwé ìbí. Georgette mú un lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Akọ̀wé mérì wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

“Màdáámù, ọmọ yìí ti dàgbà ju ìdánwò yìí lọ.”

“Gíga baba rẹ̀ ni ó jogún, Mùsíè. Ṣé ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń ka ọdún ni?”

“Ẹ mú àkọsílẹ̀ wá kí a tó ti bùrò lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jókòó sílé.”

Àkọsílẹ̀! Georgette rántí abẹ́ ìdérí. Ó fi Odile sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré gba Djègan-Kpèvi lọ. Ó bá àpótí, ọṣẹ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣófo.

“Ìyá Bouraïma, ìdérí dà?”

“Èyí tí ó ń gé mi níka? Mo ti fi ṣe ilẹ̀kùn ilé pẹ́pẹ́yẹ.”

“Orúkọ ọmọ mi wà lára rẹ̀!”

“Má pariwo, Ìyá Odile. Pẹ́pẹ́yẹ kò mọ̀wé.”

Ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ti gbẹ mọ́ igi náà pátápátá. Georgette fi omi àti kànìnkànìn ha á. Lẹ́tà kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e: Odile, 14 Mars 1952. Ó gbé e karí, omi ń kán sí i léjìká, ó di mérì.

Akọ̀wé di imú. “Kí ni ó ń rùn báyìí?”

“Ẹ̀rí ni. Ẹ ní kí n mú un wá.”

Ọkùnrin náà fi ìka tọ ipa ọ̀bẹ. Ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ ti dúdú mọ́ inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́ irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó fa kálámù yọ.

Bí òǹtẹ̀ ti balẹ̀ sórí ìwé ìbí, Georgette gbà á, ó jáde. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó mí kanlẹ̀.

“Màmá, ẹkún ni ẹ̀ ń sun?”

“Ta ni ń sunkún? Lọ kàwé rẹ.”