Bàtà Tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Là fún Àtè

Àtè, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, kú lọ́jọ́ Túsídè, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, lórí bẹ́ǹṣì onígi kan ní ilé ìwòsàn. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Kì í ṣe pé dókítà ò sí. Dókítà wà. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ tí ń bá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́; ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni kò sí. Ọ̀gá eré ìdárayá ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa ló yẹ kó kọ ọ́, ọ̀gá sì ní òfin ò gbà.

Ẹ bá mi kí ọ̀gá náà kú oríire. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe rẹfirí ní pápá ilé-iṣẹ́ yẹn, òun nìkan ni mo rí tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Àtè láìdìde lórí àga.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹni tó bá rí àṣìkọ níbí, kó fojú fò ó, kó wá bá mi wo àṣìṣe àwọn tó kàwé.

Ẹ̀rọ tí ń gé ọṣẹ ni Àtè ń dúró tì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Lọ́jọ́ Sátidé, á bọ́ sáàárín òpó méjì, bọ́ọ̀lù tó bá sì kan ọwọ́ rẹ̀, ó ti lẹ̀ nìyẹn, bí ẹyẹ tó bà lé àtè. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Mo bi í rí pé, báwo ni ọwọ́ tó ń yọ̀ fún ọṣẹ láti àárọ̀ dálẹ́ ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú? Ó ní, "Baba, ẹni tó bá lè mú ọṣẹ tútù, kí ló tún kù láyé tí kò lè mú?"

Lọ́jọ́ kan mo fún àwọn àlejò ní pẹ́nárítì. Kí n má purọ́, ojú mi ò rí i dáadáa. Àtè sáré wá bá mi. "Baba Rẹfirí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú ló ń dùn yín ni, àbí ẹ ti jẹun lọ́dọ̀ wọn?"

Mo ní, "Méjèèjì ni. Padà sílé rẹ."

Wọ́n gbá a, ó sì mú un. Ó rọra gbé bọ́ọ̀lù náà wá fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó ní, "Ẹ gbà, Baba, ẹ bá mi dá a padà fún àwọn tó bọ́ yín." Ẹ̀rín pa mí débi pé mo gbàgbé fèrè lẹ́nu.

Irú ẹni tí wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kú nìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kíndìnrín ni, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti pé bọ́ọ̀lù gbígbá ti parí. Àtè ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Èmi kì í kúkú gbá a. Mímú ni mo máa ń mú un." Dókítà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n délé, ṣe ló kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí ìyàwó òun ká ìbọ̀sẹ̀ méjì róbótó, kó máa jù ú sí òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá bọ́, á ní, "Ìyẹn ò kà. Mi ò tíì múra." Kò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù ló wá kéré, tó wọ inú yàrá.

Ẹ wá gbọ́ òfin tó pa á. Ilé-iṣẹ́ wa ló ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Lóṣooṣù ni ọ̀gá eré ìdárayá máa ń kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ ò dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá sí pápá nìkan ni lẹ́tà wà fún. Ìwé kan wà ní ọ́fíìsì ẹ̀gbẹ́ pápá, Ìwé Àwọn Tó Wá ni wọ́n ń pè é. Ní gbogbo Sátidé, agbábọ́ọ̀lù á wọ jẹ́sì, á wọ bàtà, á fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá pa Sátidé mẹ́ta jẹ ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Nítorí àwọn ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe òfin yìí. Kò sí ẹni tó rò ó pé agbábọ́ọ̀lù lè ṣàìsàn. Ẹ kú làákàyè o! Kí wọ́n tó wo ẹsẹ̀ rẹ sàn, o ní láti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ náà wá. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ló lẹ́tọ̀ọ́ sí oògùn.

Síbẹ̀, Àtè ń wá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ bàtà mọ́, nítorí náà ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, fi ọ̀bẹ la bàtà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìka, ó ki ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fi okùn dì í. Bàtà tó fi gba ife-ẹ̀yẹ fún wa ni. Obìnrin náà ní bí òun ṣe ń là á, ṣe ni ọkọ òun gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń la ara rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ọ̀gá wo ilẹ̀. "Kí lèyí?"

Àtè ní, "Bàtà ni, sà."

"Èyí ti ya. Bàtà tó pé ni òfin wí."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹsẹ̀ ló wú. Ẹ ṣáà wò ó."

"Màdáàmù, ẹsẹ̀ kọ́ ni mò ń kọ sínú ìwé. Ẹni tó múra ni mò ń kọ."

Àtè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú sí i, sà. Ká ní ẹsẹ̀ ni mo fi ń mú bọ́ọ̀lù ni, ǹ bá ti lọ yá òmíràn wá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi ọ̀gá. Ó na ọwọ́ mú bírò, ó kọ ọ́ pé kò wá. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti mú bírò? Inú ife-ẹ̀yẹ tí Àtè gbà ni. Ibẹ̀ ló ń kó bírò sí.

Sátidé kejì, wọ́n tún wá. "Kò wá" ni ọ̀gá kọ. Sátidé kẹta, bákan náà, ó sì fa igi lé orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà oṣù tuntun ò jáde mọ́. Ní Túsídè yẹn, nọ́ọ̀sì pe ọ̀gá lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kí ó kàn sọ pé "ó dáa" lásán. Wọ́n ní ó wà ní ìpàdé. Mo wádìí ìpàdé náà. Àwọ̀ jẹ́sì tuntun ni wọ́n ń yàn.

A sin ín lọ́jọ́ Fúráìdè. Ọ̀gá wá, ó de táì dúdú, ó sì la ẹnu pòwe: "Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó lè rí ti ọlọ́jọ́ ṣe." Òwe àgbà ni, ó dára púpọ̀. Àmọ́ mo fẹ́ bi í: àìsàn tó ṣeé wò yẹn, ta ni kò jẹ́ kí wọ́n wò ó?

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ní pápá nítorí Àtè. Rẹfirí kì í bọ́ aago. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógójì la lò, kí ọ̀gá tó ju ọwọ́ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oòrùn ń pa á.

Ẹ dúró, ẹ má tíì bínú tán. Nígbà tí àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ bèèrè bí òṣìṣẹ́ wọn ṣe kú sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá gbé Ìwé Àwọn Tó Wá síwájú àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó lè hàn pé òun ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. A ṣí i. Wọ́n ti họ igi tó wà lórí orúkọ Àtè kúrò. Sátidé àkọ́kọ́: ó wá. Èkejì: ó wá. Ẹ̀kẹta: ó wá. Ẹni tó ń tún un kọ ti sáré ré kọjá, kò ka ọjọ́. Ẹ̀kẹrin: ó wá, bàtà rẹ̀ pé.

Sátidé kẹrin! A sin ọkùnrin náà ní Fúráìdè; ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ nù, ó ra bàtà tuntun, ó wá fọwọ́ síwèé, ó sì bá wa dákẹ́ fún òkú ara rẹ̀. Nígbà tó wà láyé tó ń wá, wọ́n ní kò wá. Nígbà tó kú tí kò lè wá mọ́, wọ́n ní ó wá. Ọ̀gá, mo lè bí ọ lọ́mọ, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí: o ti gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ. Bó bá wá, lẹ́tà rẹ̀ dà?

Ǹ bá má pariwo tó báyìí, ṣùgbọ́n òkú nìkan kọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìjì, tó ń sáré lápá òsì fún wa, ti dùbúlẹ̀ báyìí, àyà ló ń dùn ún. Ó ti pa Sátidé méjì jẹ. Èyí tó ń bọ̀ yìí ni ẹ̀kẹta. Mo lọ kí i lánàá. Ó ní, "Baba, ẹ wò mí, ṣé mo jọ ẹni tó lè wọ jẹ́sì?" Mo ní òun gan-an ló jọ jẹ́sì tí wọ́n sá sórí okùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè dáwọ́ dúró. Ojú tì mí. Ó yẹ kó ti ẹlòmíràn jù mí lọ.

Nítorí náà, kí lẹ́tà Ìjì jáde kí Sátidé tó pé, kí wọ́n sì ya ojú ìwé tí òfin yẹn wà. Kí ọ̀gá kúrò lórí àga títí wọn ó fi wádìí ọwọ́ tó tún ìwé kọ, kó sì da bírò rẹ̀ jáde nínú ife-ẹ̀yẹ kó tó lọ. Ní Sátidé, kó gbé ìwé rẹ̀ wá sórí tábìlì níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Opó Àtè ti sọ fún mi pé òun máa gbé bàtà tí òun fi ọ̀bẹ là wá. A ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo èwo ló ń purọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọ̀gá, wàá kọ́kọ́ dìde dúró. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún ló ṣẹ́kù nínú ìdákẹ́jẹ́ Àtè, aago wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì tíì fọn fèrè.